Òwú Funfun Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyà Méjì

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì gbójú sókè, tó rí ọkùnrin kan tó ń ti alùpùpù gun òkè bọ̀. Ẹ̀wù ọkùnrin náà funfun nini. Ìlà áyọ́ọ̀nù apá rẹ̀ ṣì dúró gbọnyin, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ rọ̀ sí i lọ́rùn, òógùn sì ti rẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù ọ̀hún pátápátá. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ó gbórí sókè bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ọmọbìnrin náà kí i. "Epo ló tán ni?"

"Rárá. Epo wà ńbẹ̀."

"Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́?"

"Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tì í?"

"Mo ṣèlérí fún màmá mi pé mi ò ní gùn ún mọ́," ọkùnrin náà dáhùn, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Mi ò ṣèlérí pé mi ò ní tì í."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Ẹ̀rín yẹn ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ẹni kì í kúrò lójú ẹni bọ̀rọ̀. Aṣọ búlúù ńlá kan ni, wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì fi okùn di ìbàdí rẹ̀. Wọ́n kọ "SÍPÁNÀ" sí àpò àyà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán aṣọ yìí fún yín?"

"Bàbá mi ló ni ín."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Èjìká wọn ló wà níbi ìgbọ̀nwọ́ yín yìí."

"Ẹ gbọ́ mi o," ọmọbìnrin náà wí, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, "ṣé alùpùpù lẹ gbé wá fún àtúnṣe ni, àbí èmi?"

Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọmọbìnrin náà sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Télọ̀ ni ọkùnrin náà, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ yìí náà sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Òun àti màmá rẹ̀ ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà nísàlẹ̀ òkè. Màmá yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ọmọbìnrin náà sì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Sípánà bí, mẹkáníìkì tó ti ń tún alùpùpù ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lójú kan náà. Ọmọbìnrin náà ti lo ọdún kan gbáko ní ilé iṣẹ́ ńlá kan nílùú mìíràn, kò sì tíì ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tó padà dé, nítorí ojú bàbá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọmọ Sípánà ni wọ́n ń pè é láti kékeré, Ọmọ Sípánà náà ni wọ́n sì ń pè é di ìsinsìnyí. Bí alálùpùpù bá dé, wọ́n á wo orí rẹ̀ kọjá, wọ́n á ní, "Bàbá dà?" Ó máa ń dùn ún o. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú láyé nìyẹn: kí ẹnì kan ti alùpùpù dé ọjọ́ kan, kó ní òun ni òun wá bá.

Télọ̀ náà kò bèèrè bàbá. Bóyá nítorí pé ó ti rí bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì ni.

"Táyà iwájú ló ń jó," ó ṣàlàyé. "Tí mo bá ń rọra lọ, kò sí wàhálà. Tí ọwọ́ aago tó ń ka eré bá ti kan ọgọ́ta báyìí, áńdù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí sílẹ̀. Tí mo bá gbé èèyàn sẹ́yìn, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá yín ti pààrọ̀ táyà iwájú, wọ́n tún pààrọ̀ béárìn tó ń jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ yí. Ó ṣì ń jó."

"Ẹ ti ṣubú?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá mi ló wà lẹ́yìn mi. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sán. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di sísọ́ọ̀sì mú ni." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Wọ́n ní tí ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá fi bá alùpùpù yìí nílé, àwọn á bá mi jà. Wọ́n ti rí ẹni tó máa rà á. Bàbá mi tó ti kú ló ni ín, Ọ̀gá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé mi sí lọ sí ilé ìwé."

Ó pè é ní Ọ̀gá. Kò mọ̀ pé òun sọ ohun kan, ọ̀rọ̀ lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá ohun tí kò sọ nù nínú àpótí irinṣẹ́.

Ó gbé alùpùpù náà dúró, ó fi igi sí i lábẹ́ kí táyà iwájú lè wà lókè. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í, kò yẹ̀. Ó yí i, ó sì fi ojú ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ rííìmù bó ṣe ń yí. Rííìmù náà gún régé. Ó rá pálá lọ síwájú, ó di irin méjèèjì tó gbé táyà dúró mú, ó fà á, ó tì í. Kò dún kò. Ó yí áńdù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì; ó ń lọ jẹ́jẹ́, kò há níbì kankan. Nígbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Iṣẹ́ bàbá mi dáa. Kò sí ohun tó ṣe iwájú yìí."

"Kí ló wá ń mú un jó?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ṣé ẹ rí i, mẹkáníìkì mẹ́rin ni Télọ̀ ti bá sọ̀rọ̀ yìí lójú títì, gbogbo wọn ló sì ti mọ ohun tó ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ní táyà ni, ọ̀kan ní sípóòkù ni, ọ̀kan tilẹ̀ ní bí Télọ̀ ṣe gùn lẹ́sẹ̀ ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa wò ó lójú tí á ní òun ò tíì mọ̀ rèé, tí gíríìsì sì wà ní imú rẹ̀. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti wọlé sí i lára. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín.

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín kí n tó lọ," ó wí, ó ti ń fa téèpù kúrò lọ́rùn. "N ó rán aṣọ iṣẹ́ tó bá ara yín mu."

"Ẹ fi téèpù yẹn sọ́rùn yín. Ẹ ò ní wọ̀n mí títí n ó fi rí ohun tó ń ṣe alùpùpù yìí."

"Tẹ́ ẹ bá wá rí i ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i ná!"

Láti ọjọ́ náà lọ, Télọ̀ di èrò orí òkè. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan ni yóò ti alùpùpù rẹ̀ dé, yóò sì gbé ṣòkòtò oníbàárà lé itan, yóò jókòó sórí táyà àlòkù, yóò máa fi ọwọ́ rán etí rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi kúrò láàárín wọn tí "o" wọlé. Ó ń pè é ní Ọ̀gá mi, ọmọbìnrin náà ń pè é ní Alábẹ́rẹ́. Bàbá Sípánà á gba ẹ̀yìn wọn kọjá, á wú ikọ́ tí kò ní àìsàn kankan nínú, á sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọbìnrin náà bi Télọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

"Tó o bá ń lọ tààrà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ṣé áńdù máa ń wà láàárín gan-an?"

Télọ̀ ronú. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Rárá o. Ó máa ń yà díẹ̀ sí òsì. Mo rò pé bí mo ṣe ń jókòó ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dà bíi ṣòkòtò tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ wọ́. Iwájú ni aṣọ á ti máa ká jọ, oníbàárà á máa fi iwájú hàn ọ́, á ní ibí yìí ni kó o tún ṣe. Tó o bá tẹ̀lé e, wàá tú iwájú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yìn ni àṣìṣe wà."

"Tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"Alábẹ́rẹ́, mo ní kó o tún un sọ!"

Kó tó la ẹnu, ọmọbìnrin náà ti dìde. Ó gbé korobá, ó da omi sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé iṣẹ́. "Ti alùpùpù gba inú omi yìí kọjá. Tààrà. Má wo ibòmíràn." Télọ̀ tì í. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ìlà omi tí táyà fà sórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ. Tó bá jẹ́ alùpùpù tó gún ni, ìlà ẹ̀yìn á gun orí ìlà iwájú, á dà bí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n rí. Ìlà méjì, wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ẹ̀yìn ń lọ sí ibì kan, iwájú ń lọ sí ibòmíràn," ọmọbìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Báwo ni kò ṣe ní jó? Gbé òwú rẹ wá."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gba òwú funfun náà. Wọ́n nà án gbọnrangandan láti ara táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Télọ̀ ló fi téèpù rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti táyà iwájú. Ó tún un wọ̀n. Apá kan fi ohun tó tó ìbú ìka ju èkejì lọ.

Táyà ẹ̀yìn ni kò gún. Irin pẹlẹbẹ méjì ló máa ń fà á sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ṣéènì le, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì gbẹ́ àmì wẹ́wẹ́ sára wọn. Ọmọbìnrin náà ka àmì. Ìkẹrin lọ́tùn-ún, ìkẹrin lósì. Wọ́n dọ́gba. Ó wá fi ojú sún mọ́ ọn dáadáa, ó rí i pé irin ọ̀tún kò bá ti òsì mu: àmì ara rẹ̀ sún mọ́ra jù. Ti alùpùpù mìíràn ni, ìkẹrin rẹ̀ kò sì dé ibi tí ìkẹrin òsì dé.

"Ta ló fi irin yìí síbí?"

"Bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n ń bá mi fi ṣéènì tuntun sí i, lóṣù méjì sẹ́yìn. Ti tẹ́lẹ̀ kán, wọ́n yọ òmíràn lára alùpùpù àlòkù." Télọ̀ ń sọ ọ́ lọ, ó wá dúró. Òun náà ti gbọ́ ohun tó sọ.

Ọmọbìnrin náà yọwọ́ lára irin náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó máa ka àmì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni àṣìṣe ti wá, àṣìṣe ọ̀hún ló sì ju ìyá èèyàn sílẹ̀.

Ó lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀, kó má sọ fún ẹnì kankan. Ó rò ó o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àlòkù kún ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wọn, bàbá rẹ̀ á sì tún yọ irin mìíràn lọ́la, á ka àmì, á fi sí alùpùpù ẹlòmíràn. Nígbà tí Bàbá Sípánà jáde síta, tí àwọn alálùpùpù mẹ́ta sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró dè é, ọmọbìnrin náà sọ ọ́.

"Òwú lẹ na sí alùpùpù lára?" bàbá náà wí. "Ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un ni?"

Àwọn ará bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

"Bàámi, irin ọ̀tún kì í ṣe ti ẹ̀. Àmì wọn ò bára mu. Táyà ẹ̀yìn wọ́, òun ló ń ti iwájú."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka àmì. Ìwọ lọ ọdún kan, o dé, o fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ lójú oníbàárà?" Ó yíjú sí Télọ̀. "Ìwọ náà, gbé alùpùpù rẹ. Má padà wá síbí mọ́. Láti ìgbà tó o ti ń wá jókòó síbí ni ọmọ mi ti ń wá àléébù mi kiri."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Mo ní kó o máa lọ! Ìwọ ọmọ mi, sípánà kankan ò gbọdọ̀ kan alùpùpù yẹn."

Télọ̀ tì í lọ sísàlẹ̀ òkè. Òwú rẹ̀ ló gbàgbé sílẹ̀.

Nílé, ó tún bá ìjà pàdé. Ọkùnrin yẹn kò mọ irọ́ pa rárá. Ìyá Télọ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìfẹ́ àti irin àti àmì. Màmá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ so kọ́ ọrùn sókè.

"Ilé tó dá mi lápá yìí lo ti rí ìyàwó? Nínú gbogbo ilé tó wà láyé?"

"Òun ló rí àṣìṣe náà, Màmá. Ó sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn."

"Ṣé kí n wá jó ni? Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ti tán." Ṣùgbọ́n mo rí ojú màmá náà nígbà tó yíjú kúrò. Ó ń ro ọmọ tó lè sọ òótọ́ lójú baba rẹ̀.

Odindi ọjọ́ méjì ni Bàbá Sípánà kò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀, bàbá náà á kàn mi orí. Télọ̀ kò sì wá mọ́. Ọkàn ọmọbìnrin náà gbọgbẹ́ lápá méjèèjì, kò mọ èyí tí yóò sunkún sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Fúráìdeè, ó dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn àlòkù. Ó ti tú alùpùpù tó yọ irin ọjọ́sí lára rẹ̀ palẹ̀. Ó di irin tó kù lára rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di ti irú alùpùpù Télọ̀ mú lọ́wọ́ kejì, ó sì ń fi èékánná àtàǹpàkò ka àmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú rẹ̀ kò lè rí wọn mọ́. Òwú funfun Télọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wá fọwọ́ kàn án," ó wí, kò gbójú sókè.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ kàn án.

"Wọn ò bára mu," bàbá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Èmi ni mo ṣì í. Èmi ni mo ju ìyá ẹlòmíràn sílẹ̀." Ó gbé irin méjèèjì sílẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ka àmì. Ìwọ ò ka àmì, ìwọ wo alùpùpù. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orí mi ń wú. Mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè wà nínú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà." Ó nawọ́ sí i kó fa òun dìde. "Wá irin tó dáa. Gbé irinṣẹ́. À ń lọ sísàlẹ̀ òkè."

Ìyá Télọ̀ jókòó lẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ, ó ń fi ọwọ́ òsì júwe ibi tí ọmọ rẹ̀ máa gé, nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé. Bàbá Sípánà ṣí fìlà. Ọkùnrin tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Télọ̀, mo wá bẹ̀ yín. Èmi ni mo fi irin tí kì í ṣe ti ẹ̀ sí alùpùpù yín. Ẹ bínú sí mi, ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí ọmọ mi. Òun ló rí i, òun ló sọ ọ́, mo sì bá a wí níwájú èèyàn. Òun ló gbọ́n jù mí lọ."

Màmá náà wò ó títí. "Bàbá Sípánà, ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun?"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ṣí fìlà nìyẹn."

"Ẹ dé fìlà yín," màmá náà wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ọmọ yín lè ṣe."

Ọmọbìnrin náà ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo wọn. Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, ó yọ irin burúkú náà, ó fi èyí tó dáa sí i. Ó gbàgbé àmì pátápátá. Òwú ló tẹ̀lé. Télọ̀ di òwú mú lápá iwájú, òun dì í mú lẹ́yìn, ó ń fi òòlù kékeré kan táyà díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó, ó tún ń kàn án. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fọwọ́ kan òwú, ó ń kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Télọ̀ rí ìyẹn. Òwú náà funfun nini di ìparí.

"Ó gún," ọmọbìnrin náà wí.

"Ó dáa, n ó gùn ún wò," Télọ̀ wí.

"Ìwọ kọ́," màmá rẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó tún un ṣe ló máa gùn ún. Èmi ló sì máa gbé sẹ́yìn."

"Màmá! Ọwọ́ yín!"

"Ọwọ́ mi ni, àbí ọwọ́ tìẹ? Ọmọ, gùn ún ká lọ."

Ọmọbìnrin náà di áńdù mú. Tí táyà yẹn bá fi jó, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn: alùpùpù, Télọ̀, orúkọ tó ń wá. Ó gùn ún, màmá náà gòkè sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì yí i ní ìbàdí, ó sì fi èjìká ọ̀tún ti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n lọ. Ọgbọ̀n. Ogójì. Àádọ́ta. Wọ́n dé ojú ọ̀nà gbọọrọ níbi tí òkìtì yanrìn wà, ibi tí màmá náà ti ṣubú. Ọwọ́ aago kan ọgọ́ta. Ọmọbìnrin náà tú ìka rẹ̀ díẹ̀ lára áńdù kó lè gbọ́ ohun tí alùpùpù fẹ́ sọ.

Kò gbọ̀n. Áńdù dúró jẹ́jẹ́ láàárín gan-an.

"Sáré sí i," màmá náà wí létí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Sípánà ti dúró sáàárín títì, Télọ̀ sì ti lọ́ téèpù mọ́ ọwọ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Màmá náà sọ̀ kalẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Mú bírò. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni, Màmá?"

"Ìbàdí, íǹṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Èjìká, mẹ́rìndínlógún ààbọ̀. Apá rẹ̀ gùn ju bó o ṣe máa rò lọ, má gé e kúrú. Ṣé o rò pé mo kàn dì í mú lásán ni? Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ wọn èèyàn." Ó nàka sí aṣọ búlúù náà. "Ta ni ìkà tó gbé èyí wọ̀ ọ́? Èjìká wà ní ìgbọ̀nwọ́!"

"Èmi ni o," Bàbá Sípánà wí pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, màmá náà pàápàá.

Kò sí ẹni tó wá gbé alùpùpù lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ti ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á pé kó wá òmíràn lọ.

Kí bàbá àti ọmọ tó padà sórí òkè lọ́jọ́ Fúráìdeè náà, Télọ̀ tẹ̀lé ọmọbìnrin náà dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń kó irinṣẹ́ jọ. "O ní mi ò ní wọ̀n ọ́ títí wàá fi rí i. Mo ti dúró. Màmá mi wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Pẹ̀lẹ́, Alábẹ́rẹ́ mi."

"Ọ̀gá mi, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá rẹ̀ ni, kì í sọ pé nǹkan dáa kó tó wò ó. "Rán aṣọ iṣẹ́ náà ná. Tí èjìká rẹ̀ bá jókòó sí mi lára, n ó fẹ́ ọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rán an. Ó tú ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó gun alùpùpù dé orí òkè, màmá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbé aṣọ náà fún ọmọbìnrin náà. Ó wọlé lọ wọ̀ ọ́. Bàbá Sípánà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó jáde, bàbá náà na ọwọ́, ó fi ìka ka ohun tí wọ́n fi òwú funfun kọ sí àpò àyà rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ òsì Ìyá Télọ̀ ni, ó wọ́ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó bìkítà. "Ọ̀GÁ" ni wọ́n kọ.

Ẹnì kan ti alùpùpù dé ní àkókò yẹn gan-an, òógùn bò ó. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹnì kan wà níbí tó ń fi òwú wo alùpùpù. Òun ni mo wá bá."

Bàbá Sípánà gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tẹ́ ẹ lórí dáadáa. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkùnrin náà lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá rèé," ó wí. "Èmi ni mo bí i."

Télọ̀ kò rí ìkankan nínú gbogbo rẹ̀. Ìrán aṣọ tó wà léjìká ọmọbìnrin náà ló ń wò, ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ọmọbìnrin náà gbé apá sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Ó wá kọjú sí i.

"Ó jókòó," ó wí.